Omi Lẹ́yìn Ẹyinjú

Aṣọ onílà kan ló tú àṣírí ojú mi. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Yábàá ló gbé e wá fún mi, aṣọ dúdú tó ní ìlà funfun tín-ín-rín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n fi rán kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mushin, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo gbé rúlà lé e. Bí mo ṣe tẹjú mọ́ ọn ni mo rí i pé àwọn ìlà náà ń wọ́. Wọn kò já, wọn kò sì parẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ọ̀gangan ibi tí mo ń wò gan-an, wọ́n á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka ti aṣọ sókè láti abẹ́.

Mo fọwọ́ tẹ́ aṣọ náà dáadáa. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo gbé rúlà sókè, mo wo etí rẹ̀. Rúlà náà wọ́. Irin ni, ó sì ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti gba fúríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ti jókòó lé e. Mo gbé e ti ara ògiri, ó lẹ̀ mọ́ ògiri láìsí àlàfo kankan. Ọwọ́ mi ní ó tọ́, ojú mi ní ó wọ́. Mo fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, gbogbo ìlà aṣọ náà tọ́. Mo bo ti òsì, wọ́n tún wọ́, mo sì wá rí i pé àbàwọ́n kan wà láàárín ohun tí mo ń wò, roboto, ó dà bí ibi tí omi kán sí lára aṣọ tí kò tíì gbẹ. Ibi yòówù tí mo bá kọjú sí, ibẹ̀ ni òun náà ń lọ.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Mo ká aṣọ náà, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán nǹkan mìíràn.

Ohun tó jẹ́ kó yà mí lẹ́nu ni pé ọdún yẹn gan-an ni ara mi dá ṣáṣá jù. Ṣáájú ìgbà náà, oríkèé ọwọ́ ti fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ ló máa ń burú jù. Ọwọ́ mi á wú, mi ò ní lè di sísọ́ọ̀sì mú títí oòrùn á fi mú dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Sùúrùlérè tó sì ń ta aṣọ ọmọdé ní Yábàá, ní irú ìrora bẹ́ẹ̀ ní orúnkún. Òun ló rí obìnrin kan tó máa ń gbé oògùn ewé kiri ọjà, kápúsù tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí kò ní orúkọ kankan lára. Ó lò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn bí ọmọge. Ó wá rà á fún èmi náà. Kò pẹ́ rárá tí ìrora ọwọ́ mi fi lọ bí ẹni pé kò wá rí. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń gbé e mì láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo ń jẹun dáadáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, ọrùn mi kún, àwọn aládùúgbò ń sọ fún ọkọ mi pé ó mọ ìyàwó tọ́jú. Oorun nìkan ni kì í wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì rò pé ọjọ́ orí ni, nítorí mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún.

Mo ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì, mo ń kán an. Mo lọ sọ́dọ̀ onígíláàsì, ó pààrọ̀ èyí tí mo fi ń ránṣọ. Àbàwọ́n náà wà nínú gíláàsì tuntun bó ṣe wà nínú ti àtijọ́. Tí mo bá fi ojú ọ̀tún nìkan wo nǹkan, òwú pupa á dà bí èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó ti ṣá, nǹkan náà á sì kéré sí i díẹ̀, bí ẹni pé ó sún sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fura. Iná iwájú ọkọ̀ ló ń tà ní Ládìpọ̀, kì í sì í sábà wà nílé ní ọ̀sán àfi ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú kan, a jókòó ti oúnjẹ, ó ní, "Kí ló dé tí o fi ń di ojú kan?"

Mo sọ fún un. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"O sì ń jókòó sídìí máṣíìnì? Ìyá àwọn ọmọ, ojú ni o, kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ènìyàn ń tiro lé."

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pariwo rẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ mọ bí ti ìyá wa ṣe rí."

Ìyá mi fọ́jú kó tó kú. A ò mọ ohun tó ṣe é. Nígbà náà, wọ́n kàn ní ogbó ni. Mo rántí bó ṣe máa ń fọwọ́ wá ago omi lórí ẹní, tí ọwọ́ rẹ̀ á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ago náà, á tún padà, kó tó kàn án. Ọwọ́ yẹn ni mo ń rí ní ọkàn mi látọjọ́ tí aṣọ onílà ti dé. Bí mo ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé ọkọ mi fẹ́ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ohun tí òun náà kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àbí ti ìyá wa ló ti dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

Ilé ìwòsàn ojú tí a lọ wà ní ẹ̀yìn òpópónà kan ní Sùúrùlérè, ilé tó mọ́ tó sì tutù. Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà lára ògiri. Ojú òsì kà á dé ìsàlẹ̀. Ojú ọ̀tún kò rí ju lẹ́tà ńlá tó wà lókè lọ, èyí náà sì ní ihò láàárín. Nọ́ọ̀sì kán oògùn sí mi lójú kí ọmọlójú lè fẹ̀, ó ní kí n dijú kí n jókòó. Nígbà tí mo la ojú, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti di ọ̀bẹ. Mi ò rí ẹni tó jókòó tì mí bí kò ṣe òjìji. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń bi ara wọn pé ojú wo ni tiwọn. Ọkùnrin kan ń sọ fún ẹlòmíràn pé òun ti pẹ́ jù kí òun tó wá, pé wọ́n ti sọ fún òun. Ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé ara ẹ̀rọ, kí n wo iná pupa kan, kí n má ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ó yí kọ̀ǹpútà sí ọ̀dọ̀ èmi àti ọkọ mi. Àwòrán tó wà níbẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n ká sórí ara wọn ní ìpele ìpele. Láàárín gbùngbùn, gbogbo ìpele náà gbé ara wọn sókè bí òkìtì, ibì kan sì dúdú kirikiri lábẹ́ òkìtì náà.

"Ẹ wò ó, mà," ni dókítà wí. "Awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú nìyí. Òun ló ń gba àwòrán gbogbo ohun tí ẹ ń rí. Ó yẹ kó tẹ́ ni. Ibi dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ yìí, omi ni."

"Omijé?"

"Rárá, mà. Láti inú ara ló ti ń sun wọbẹ̀. Ṣé ẹ mọ ògiri tí omi wọ̀ lẹ́yìn, tí ọ̀dà ara rẹ̀ á wú? Bó ṣe rí nìyẹn. Ògiri ò tíì wó, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti kúrò lára rẹ̀."

Mo mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni òjò ń ṣe é ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Mushin. Mo sì mọ ohun tó máa ń gbẹ̀yìn irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ tí ènìyàn bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn án, á dà sílẹ̀ bí eérú.

Ó bi mí bóyá mo ń lo oògùn kankan, oògùn ikọ́ fée, abẹ́rẹ́ oríkèé, tàbí ìpara tó ń mú ara funfun. Mo ní rárá. Lójú tèmi, ohun tí mo ń gbé mì kì í ṣe oògùn, ewé ni. Ó bi mí bóyá mo ń sùn. Mo ní oorun kì í wá. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi bẹ́ẹ̀ máa ń fà lọ fúnra rẹ̀, kí n sinmi, kí n dín iṣẹ́ kù, kí n sì padà wá. Ó fún mi ní pépà kan tó kún fún ìlà gbọọrọ àti ìlà ìbú, bí ojú wáyà fèrèsé, tó ní àmì dúdú láàárín. Ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí n máa fi ojú kọ̀ọ̀kan wo àmì náà láràárọ̀.

Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi náà kò fà. Ní ojú ọ̀tún, ibi tó wọ́ lára pépà ń fẹ̀ sí i, ó ń jẹ ojú wáyà náà bí ìgbà tí kòkòrò ń jẹ ewé láti àárín bọ̀ sí etí. Ojú òsì ń rí i ní títọ́, ìyẹn ni mo sì gbára lé. Àárọ̀ kan wá dé tí mo bo ojú ọ̀tún, tí mo wo pépà náà, tí mo rí i pé ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì dúdú ti fara kan ara wọn.

Mi ò dúró jẹun. Mo wọ kèké, mo lọ bá ọkọ mi ní Ládìpọ̀. Oòrùn ti mú nígbà tí mo dé ibẹ̀, irin àti gíláàsì sì ń kọ mànà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín àwọn iná ọkọ̀ tí wọ́n tò lé ara wọn. Mo mọ̀ ọ́n nítorí fìlà rẹ̀ àti ìdúró rẹ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn tí mo wò ó tààrà, mo rí fìlà, mo rí etí méjèèjì, mo rí ọrùn. Ibi tí imú àti ẹnu yẹ kó wà, nǹkan bí eérú ló wà níbẹ̀, ohùn ọkọ mi sì ń jáde láti inú eérú náà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló wà nílé?"

"Ó ti dé ojú kejì," mo wí.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. A lọ tààrà sí Sùúrùlérè.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ kan ní iṣan ọwọ́, oògùn tó pọ́n bí epo pupa, tó ń sáré lọ sí ojú kí ẹ̀rọ lè ya ibi tí omi ti ń jò. Èébì gbé mi díẹ̀, ó sì lọ. Awọ ara mi pọ́n rúsúrúsú, wọ́n sì ti sọ fún mi pé ìtọ̀ mi náà á yí àwọ̀ padà, kí n má bẹ̀rù. Nínú àwòrán, dókítà fi ìka tọ́ka fún ọkọ mi sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ti ń rú sókè bí èéfín àdògán. Ibì kan kọ́ ni. Ó ń rú níbí, ó ń rú lọ́hùn-ún, lójú ọ̀tún, lójú òsì.

Dókítà náà fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó ń wo ojú mi gan-an, kì í ṣe inú rẹ̀.

"Mà, ṣé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ṣe máa ń rí nìyí?"

"Mo sanra díẹ̀ ni."

"Alhaji, ṣé ẹ ní fọ́tò wọn tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú fóònù yín?"

Ọkọ mi wá èyí tí a yà ní Iléyá ọdún méjì sẹ́yìn. Dókítà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi, níbi tí ẹran ti yọ bí iké. Ó ní kí n ká apá aṣọ sókè, ó rí àwọn ibi tó dúdú bí ẹni pé wọ́n gbá mi, tí mi ò sì mọ ohun tó ṣe é. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń kí mi fún ní àdúgbò ló ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì kí mi fún ọ̀kankan nínú wọn.

"Ẹ lọ sílé nísinsìnyí," ó ní, "ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì wá. Gbogbo rẹ̀, títí kan àgbo."

Ọkọ mi ló lọ kó o wá. Dókítà tú kápúsù kan sórí pépà funfun. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé ló dà jáde, ṣùgbọ́n nígbà tó fi etí káàdì tẹ́ ẹ, ọkọ mi rí hóró funfun kéékèèké tó ń dán láàárín rẹ̀.

"Ewé wà níbẹ̀ lóòótọ́," ó wí. "Èyí tó funfun yìí ni mi ò fọkàn tán. Mo rò pé sìtẹ́rọ́ọ̀dù ni. Òun ló ń lé ìrora lọ, òun ló ń mú ojú kún, òun náà ló lè máa fa omi sí ẹ̀yìn ojú yín."

Mo nawọ́ láti gba ọ̀rá náà, kí n lè sọ ọ́ nù. Ó fà á sẹ́yìn.

"Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ ò gbọdọ̀ já a lójijì. Nínú ara wa, lórí kíndìnrín, ibì kan wà tó ń ṣe irú nǹkan yìí lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń jẹ́ ká lè dìde nílẹ̀. Tí ènìyàn bá ń gbé e mì láti ìta, ibẹ̀ á sùn, á ní wọ́n ti ń bá òun ṣe é. Tí ẹ bá wá já a, tìta ò sí, tinú ò sí. Ó lè pa yín."

Ọkọ mi bi í pé, "Kí ni ká wá ṣe?"

Ó ní òun á fi mí ránṣẹ́ sí dókítà mìíràn tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọn á yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn á fún mi ní èyí tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọn á sì máa dín in kù lára mi láti oṣù dé oṣù. Títí di ìgbà tí mo bá rí dókítà náà, kí n má ṣe fò ó lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń fọ́ ojú mi, wọ́n ní kí n ṣì máa gbé e mì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo di kápúsù náà mú lẹ́yìn ìrun, omi wà lọ́wọ́ kejì, mo sì jókòó títí omi náà fi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí n tó lè gbé e sẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wá kù, nítorí òun ti ń lò ó ṣáájú mi. Èmi àti ọkọ mi lọ bá a nílé. Bó ṣe jáde sí wa, mo yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó rí ojú rẹ̀, ó roboto, ó ń dán, mo sì rí ara mi nínú rẹ̀. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà fún un bó ṣe sọ ọ́.

"Obìnrin tó ń tà á fún mi ń lò ó fún ara rẹ̀," ó wí. "Ojú mi ni mo fi ń rí i tó ń gbé e mì."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró o. A jọ máa lọ rí dókítà. Ẹ kàn máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ náà."

"Nǹkan tó ń fọ́ ènìyàn lójú ni kí n máa lò?"

"Ọ̀nà tí wọ́n ní ká gbà nìyẹn. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Ó ní òun gbọ́. Ó sìn wá dé ẹnu géètì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ fún wa nígbà tó yá pé bí a ṣe lọ tán, ó wọlé, ó kó gbogbo ọ̀rá náà, ó dà á sínú gọ́tà, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Ìbẹ̀rù ni. Ó ti rí ojú ìyá wa ju bí mo ṣe rí i lọ, òun ló ń fún un lóúnjẹ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ọmọ rẹ̀ pè mí lọ́sàn-án. Òjò ń rọ̀, ohùn rẹ̀ ń já. Ó ní láti ìjẹta ni màmá òun ti ń bì, pé kò lè dìde, pé ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ti gbé omi sí i lára, wọ́n ní ibà ni. "Màmá ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́, Àǹtí. Wọ́n ń pe ìyá yín."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó tutù, ó sì ń làágùn. Mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Eérú náà bò ó mọ́lẹ̀, etí rẹ̀ àti irun rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo ní láti yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó rí ètè rẹ̀, tó gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn yẹn?"

Ó ń wò mí. Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn. "Wọ́n ti dà á nù, Àǹtí. Ọjọ́ tí ẹ wá yẹn náà ni."

Mo sọ fún dókítà ilé ìwòsàn náà, kò jiyàn, ó ní ká tètè máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà. A gbé e sínú ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Bí a ṣe ń lọ, èémí rẹ̀ ń kéré, mo ń tẹ etí sí i. Mo ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo sì ń tún àwọn ọ̀rọ̀ dókítà ojú sọ láàárín wọn, tìta ò sí, tinú ò sí, kí n má bàa gbàgbé bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí a bá débẹ̀.

Mo sọ ọ́. Mo yọ ọ̀rá kápúsù tèmi nínú báàgì, mo fi hàn wọ́n. Dókítà ọkùnrin tó gbà wá sílé kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó pe nọ́ọ̀sì, wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì so omi míì mọ́ ọn. A dúró lẹ́bàá ògiri, èmi àti ọmọ rẹ̀, aṣọ wa tutù rinrin. Kò tíì ṣú nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi la ojú tó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà náà pé irú abẹ́rẹ́ wo ni.

"Sìtẹ́rọ́ọ̀dù ni, mà," ó wí. "Ohun kan náà ni."

Láti ìgbà náà, àwa méjèèjì jọ ń lọ gba àyẹ̀wò. Wọ́n ń dín oògùn náà kù lára wa, ìrora sì ń padà sí ibi tó ti kúrò. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mo sunkún nítorí mi ò lè ṣí ìdérí ìgò. Ìrora náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí wọ́n tó rí oògùn gidi tó bá a mu. Ojú òsì mi ni omi kọ́kọ́ fà nínú rẹ̀. Ó ń fà bí omi ṣe ń fà lára ilẹ̀ símẹ́ńtì, láti etí wọ àárín, títí mo fi jí lọ́jọ́ kan tí mo rí ihò imú ọkọ mi bó ṣe sùn. Ti ọ̀tún ò rọrùn. Wọ́n fi iná lésà tó rọra tọ́jú rẹ̀, kò dùn mí rárá, ìmọ́lẹ̀ lásán ni mo rí. Omi náà gbẹ nígbẹ̀yìn. Dókítà ní awọ náà ti pẹ́ jù lórí omi, àpá ti wà níbẹ̀, kò sì ní parẹ́. Mo ń fi ojú ọ̀tún rí ẹ̀gbẹ́ nǹkan. Mi ò rí àárín.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sọ́jà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó wá obìnrin olóògùn náà lọ, ó ní òun kò fẹ́ bá a jà, òun kàn fẹ́ sọ fún un. Kò bá a. Àwọn tó ń tajà nítòsí sọ fún un pé obìnrin náà wú títí bàtà kò fi wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, pé ọjọ́ kan ló ṣubú láàárín ọjà, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wá gbé e lọ sí ìlú wọn. Wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé apá Ìjọra ló ti máa ń lọ ra ọjà rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ní ilé ìkẹ́rùsí, wọn ò sì mọ ilé ìkẹ́rùsí wo. Obìnrin mìíràn ti dúró sí àyè rẹ̀, ó ń ta kápúsù nínú ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n mi bá a sọ̀rọ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ewé ni.

Ní àyẹ̀wò tó kọjá, dókítà ojú wo ojú òsì mi nínú ẹ̀rọ, ó wò ó títí. Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì, tó ń dúró, tó ń tún tẹ̀ ẹ́.

"Dókítà, ṣé ó ti padà?"

"Kò tíì sí omi," ó wí. "Ibì kan kàn wà tí mo fẹ́ máa ṣọ́."

"Ibì kan báwo?"

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dá oorun mọ́ yín lójú, mà. Ẹ kàn tètè padà wá ju bí a ṣe máa ń ṣe lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi di apá mi mú nítorí ọmọlójú mi ṣì fẹ̀, a sì jáde sínú oòrùn, funfun báláú ni gbogbo ojú pópó rí. Ó béèrè ohun tí dókítà wí. Mo ní ó ní kò tíì sí nǹkan, a sì ń rìn lọ.